Ìbínú Òdodo Náà Nílò Òṣùwọ̀n

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, bí kóòtù bá ti ní kí ẹni tó ṣeni léṣe san owó gbà-má-bínú, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó tún pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn pé owó náà pọ̀ jù? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní ojú kò tì í ni. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ẹjọ́ kan tó wáyé ní California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1972, ọkọ̀ Pinto kan, tí ilé-iṣẹ́ Ford ṣe, kú lójijì lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn kọ lù ú láti ẹ̀yìn, ó sì gbiná. Obìnrin tó ń wà á kú. Ọmọkùnrin ọdún 13 tó jókòó tì í yè é, ṣùgbọ́n iná ti jó o lójú àti lára kọjá sísọ. Ẹ̀rí fi hàn ní kóòtù pé àyẹ̀wò tí Ford fúnra rẹ̀ ṣe ti fi hàn án pé táǹkì epo ọkọ̀ náà léwu, àti pé dọ́là díẹ̀ lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni àtúnṣe rẹ̀ ì bá ná an.

Ní 1978, júrì, èyíinì ni àwọn ará ìlú tí a yàn láti gbọ́ ẹjọ́, ní kí Ford san dọ́là mílíọ̀nù 2.5 fún ọmọ náà, yàtọ̀ sí ti ẹbí olóògbé. Wọ́n tún fi mílíọ̀nù 125 lé e gẹ́gẹ́ bí owó ìjìyà. Adájọ́ gé owó ìjìyà yìí sí mílíọ̀nù 3.5. Ford pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ọmọ náà pe tirẹ̀, pé gígé tí wọ́n gé e kò tọ́. Ní 1981, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí ohun tí adájọ́ ṣe.

Ta ló jàre? Lójú tiwa, ìbínú júrì tọ́. Ẹni tó mọ ewu, tó wá ń fi ẹ̀mí ènìyàn ṣírò owó, kò yẹ kó lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ ni owó gbà-má-bínú ń wò. Ìwà ni owó ìjìyà ń wò, ẹni tó bá sì ń wo ìwà burúkú lè bínú kọjá ààlà. Ìdí nìyí tí òfin Islam kò fi fi owó ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìbínú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀: 100 ràkúnmí ni òdiwọ̀n diyah fún ẹ̀mí tí a ṣèèṣì pa. Àwọn àgbà náà ní, a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí gbogbo ayé ń bínú sí ṣì ní ẹnu láti sọ tirẹ̀.

Síbẹ̀, apá méjì ni òṣùwọ̀n ní. Bí owó ìjìyà bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí olówó lè kà á mọ́ ìnáwó ọjà, kò sí ìjìyà níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ọmọ náà kò jẹ̀bi pé ó pe ẹjọ́ tirẹ̀. Ohun tó ń dun ọkàn wa ni pé láti 1972 dé 1981, ọdún mẹ́sàn-án ni. Kí ènìyàn pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kì í ṣe ìtìjú. Kí ó fi í fa ẹjọ́ gùn títí yóò fi sú ẹni tó fara gbọgbẹ́, ìwà ìkà nìyẹn.

Bí ọkọ̀ bá gbá ọmọ wa, tí mọ̀lẹ́bí pé jọ láti dárúkọ iye owó, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ṣé ọgbẹ́ ọmọ la ń wọ̀n, àbí ìbínú wa? Bí ó bá sì jẹ́ pé àwa la gbá ọmọ ọlọ́mọ, ṣé òdodo la ń wá, àbí ọ̀nà àbáyọ?

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ìbínú gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ wa. Àmín.