ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: TA NI OLÙDÁNWÒ Ń ṢIṢẸ́ FÚN?

 

*Kíkà: Orin Dáfídì 26*

Níbi ìpàdé àdúrà, ìyá kan dìde. Ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú ní Zaria, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti 1964. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó wọ bàálù pẹ̀lú olùdánwò. Ìyá ní, "Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí olùdánwò gbójú fo àṣìṣe ọmọ mi." Gbogbo wa ṣe àmín. Tèmi ló tiẹ̀ ròkè jù.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà pè mí. Mo ní a ti gbàdúrà fún un. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó wá ṣàlàyé. Kí wọ́n tó gbéra, òun gbọ́dọ̀ yí bàálù ká, kí òun fa epo díẹ̀ láti inú táńkì sínú ife tó mọ́ gaara, kí òun wò ó bóyá omi ti wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá dókè, olùdánwò lè ṣàdédé fa agbára ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, á ní, "Ẹ́ńjìnnì ti kú. Kí lo máa ṣe?" Lójú ẹsẹ̀, òun gbọ́dọ̀ di eré tí bàálù á fi lè máa léfòó mú, kí òun wá pápá tí òun lè bà sí, kí òun sì gbìyànjú láti tún ẹ́ńjìnnì tan.

"Sà, tí olùdánwò bá gbójú fo ohun tí mi ò mọ̀, afẹ́fẹ́ ò ní gbójú fò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. A máa ń rò pé ọ̀tá ni olùdánwò. Ṣùgbọ́n àwọn èrò tí kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì ló ń ṣojú fún: ìyá arúgbó tó fẹ́ wọ bàálù ní Adó-Èkìtì níbí lọ́jọ́ kan, tí kò ní mọ ẹni tó ń wà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún àwọn awakọ̀ ńláńlá pàápàá dán wò, bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìwé ìwakọ̀ tèmi, ẹnì kan ló bá mi gbà á. Kò sẹ́ni tó dán mi wò. Èmi yìí kan náà ni mo ń fi mọ́tò kó àwọn akọrin wa láti Adó lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ojúrere ni mo pè é nígbà yẹn. Èmi ni wọ́n ṣe ojúrere náà fún; àwọn tó jókòó sẹ́yìn mi ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ṣé ó wá burú láti gbàdúrà ṣáájú ìdánwò? Rárá o. Ìbẹ̀rù máa ń mú kí ẹni tó mọ nǹkan gbàgbé, ká bẹ Ọlọ́run fún ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tó sì da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n àdúrà pé kí ojú olùdánwò má rí àìmọ̀ wa, ọmọ ọlọ́mọ ló ń fi sínú ewu. Dáfídì ò bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Olúwa yẹ inú òun wò.

Ohun tí a bá kùnà níwájú olùdánwò, a lè padà lọ tún un kọ́. Èyí tí a bá kùnà níwájú èrò ńkọ́?

Lọ́sẹ̀ yìí, mò ń lọ bá ẹni tó ń kọ́ni wakọ̀, kó jókòó tì mí, kó dán mi wò. Ìwọ ńkọ́? Ibo lo ti ń sá fún olùdánwò?

*Àdúrà:* Olúwa, yẹ̀ mí wò kí n tó gbé ọmọ ẹlòmíràn. Àmín.