Owó Ìwòsàn àti Ará Samáríà

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n ní Àjàó Estate, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 pàṣẹ pé kí olúkúlùkù wà nínú ètò adójútòfò ìlera. Ní ọdún 2024, Gómìnà Èkó fi àṣẹ tirẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń kùn pé owó tí a ń dá ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ara àwọn le. Ìkùn náà kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ará Samáríà: ara òun pẹ̀lú le, síbẹ̀ ó sanwó ìtọ́jú àjèjì. Owó ẹni tí ara rẹ̀ le ni a fi ń tọ́jú aláìsàn. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ní san tirẹ̀, kí ìjọ sì san ti opó àti aláìní, kí ẹnikẹ́ni má bàa kú ikú àìlówó lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwòsàn. Àmín.