Ta Ni Ó Yẹ Kí Ojú Máa Tì?

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni òwe yìí níbi tí kò bá sí ẹni tó dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí àwọn alágbára bá dí gbogbo ọ̀nà, tí wọ́n ṣẹ́ ẹyọ kan péré kù, tí ẹyọ kan náà sì gba inú ẹrẹ̀ kọjá, kí ni kí ẹni tó fẹ́ dé ọjà ṣe? Ṣé kí ó gba inú ẹrẹ̀ ni, àbí kí ó padà sílé? Bí ó bá sì gba inú ẹrẹ̀, ta ni ó yẹ kí ojú máa tì: ẹni tí ẹrẹ̀ yí lára ni, àbí ẹni tó dí ọ̀nà?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán fún mi. Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ àti ilé títúnṣe fún àwọn èèyàn ni ìyá mi ń ṣe, òun ni wọ́n sì fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní SS1, a fẹ́ ṣe eré orí ìtàgé fún ayẹyẹ ìparí ọdún. Olùkọ́ wa fún mi ní ipa ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ní n kò lè ṣe é, pé ọ̀fun ń dùn mí. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí mo bá mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ lórí ìtàgé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò rí ìyá mi lára mi.

Olùkọ́ náà kò bínú. Wọ́n kàn ní, "Kò burú. Ṣùgbọ́n lọ ka ìtàn Hattie McDaniel, kí o wá sọ fún mi bóyá ó yẹ kí ojú tì í."

Ọdún 1893 ni wọ́n bí Hattie ní ìlú Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oko ẹrú ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ó sì wà lára àwọn adúláwọ̀ tó jagun nínú ogun abẹ́lé tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Hattie mọ orin kọ, ó mọ eré ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, iṣẹ́ tó rí ní ìlú Milwaukee ni kí ó máa tọ́jú ilé ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin ní ilé fàájì kan, kí wọ́n tó gbà á láyè láti kọrin níbẹ̀. Ní 1931, ó kó lọ sí Los Angeles láti wá iṣẹ́ fíìmù. Bí iṣẹ́ fíìmù kò bá sí, a máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí alásè nílé onílé. Bí iṣẹ́ fíìmù bá sì dé, ipa ọmọ ọ̀dọ̀ àti alásè náà ni wọn yóò tún fún un.

Irú ipa bẹ́ẹ̀ ló kó nínú fíìmù Gone with the Wind, tó jáde ní 1939. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han ní ìlú Atlanta ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Hattie kò lè bá àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ṣeré jókòó níbẹ̀, nítorí òfin ìyàsọ́tọ̀ tó wà nílùú náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1940, ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gbà á. Ṣùgbọ́n hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ṣe ayẹyẹ náà kì í gba adúláwọ̀. Ẹni tó ṣe fíìmù náà ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n fi í sí, jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ṣeré. Ó di 1991 kí obìnrin adúláwọ̀ mìíràn, Whoopi Goldberg, tó gba àmì ẹ̀yẹ náà fún eré ṣíṣe.

Kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan ló ṣẹ́ ẹ níṣẹ̀ẹ́. Àwọn èèyàn tirẹ̀ náà bá a wí. Walter White, olórí ẹgbẹ́ NAACP tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀, sọ pé irú ipa wọ̀nyí ń jẹ́ kí ayé máa rò pé adúláwọ̀ kò wúlò fún nǹkan mìíràn ju kí ó máa sìn, kí wọ́n sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn tí wọ́n máa ń sọ pé Hattie fọ̀ ni pé, ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun máa gba 700 dọ́là lọ́sẹ̀ fún ṣíṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú fíìmù, ju kí òun jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ gan-an fún dọ́là méje.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀yìn Hattie ni mo wà pátápátá. Bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ eré wa pé, ìyá mi sì wá wòran. Ọmọbìnrin tó gba ipa mi fọ́ àwo, ó ṣubú, ọ̀gá rẹ̀ sì kó igbájú bò ó. Gbogbo gbọ̀ngán fi ẹ̀rín sí i. Mo wo ìyá mi. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń wò. Nígbà tí à ń padà lọ sílé, wọ́n bi mí pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń rí wa nìyẹn?" N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Walter White tó yé mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta la dà pọ̀ mọ́ra. Èkíní ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn fọ aṣọ tàbí kí ó gbálẹ̀. Èkejì ni àwòrán tí a yà nípa iṣẹ́ náà. Èyí lè gún èèyàn lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ eré tí kò fi ohun mìíràn hàn lára ọmọ ọ̀dọ̀ ju àwo fífọ́ ló ni ẹ̀bi, àti àwa tí a ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ fíìmù ló ní kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe Hattie. Nígbà tí Walter White lọ bá àwọn onílé iṣẹ́ náà ní Hollywood ní 1942, ibi tó yẹ kó lọ ló lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ló dé tí Hattie kò kọ̀? Ó rọrùn fún ẹni tó ti yó láti ní kí ẹni tí ebi ń pa gbààwẹ̀. N kò sì sọ pé ẹni tó gba inú ẹrẹ̀ kò ní ojúṣe kankan. Níbi tí ó bá ti lágbára, kí ó jà. Hattie jà. Ní 1945, nígbà tí àwọn òyìnbó àdúgbò rẹ̀ pe ẹjọ́ kí wọ́n lè lé àwọn adúláwọ̀ kúrò nínú ilé tí wọ́n fi owó ara wọn rà, òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò sá. Wọ́n dé kóòtù, wọ́n sì jàre.

Hattie kú ní 1952. Ó ti fẹ́ kí wọ́n sin òun sí itẹ́ òkú kan ní Hollywood, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ní 1999, wọ́n gbé òkúta ìrántí rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà fi àwòrán rẹ̀ sí orí sítáǹbù. Kò sí ẹni tó ń wá àwòrán àwọn tó lé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Mo ti jẹ́wọ́ fún ìyá mi ìdí tí n kò fi gba ipa yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo mọ̀. Ọ̀fun kì í dun èèyàn kó tún máa kọrin nílé ìdáná." Ojú tì mí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi náà ti wà lára àwọn tó ń dí ọ̀nà.

Lọ́dún yìí tí mo wà ní SS3, àwa akẹ́kọ̀ọ́ la ó kọ eré ìparí ọdún fúnra wa. Mo bẹ olùkọ́ wa kí wọ́n jẹ́ kí n kọ apá ọmọ ọ̀dọ̀. Nínú eré ìjelòó, kò ní orúkọ; "ìwọ" ni wọ́n ń pè é. Nínú eré tèmi, mo ti fún un lórúkọ. Èmi ni n ó sì kó ipa náà, kí ìyá mi lè wá wò ó.