Fèrèsé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣí

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2004, obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ adelé wọ kíláàsì kan ní ìlú Norwich, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Olùkọ́ tó ni kíláàsì gan-an ti tan kọ̀ǹpútà orí tábìlì sílẹ̀ fún un, ó sì ti fi orúkọ tirẹ̀ wọlé, nítorí olùkọ́ adelé kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Wọ́n kìlọ̀ fún obìnrin náà pé kó má ṣe pa ẹ̀rọ yìí o, bó bá pa á, kò ní lè wọlé mọ́. Ó jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tó fi máa padà, àwọn ọmọ ti kóra jọ sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wo ìkànnì kan tó dá lórí irun. Kò pẹ́ sí i ni àwòrán ìhòòhò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ó pa ọ̀kan, òmíràn yọ. Ó pa ìyẹn náà, òmíràn tún dé. Ó ń ti àwọn ọmọ sẹ́yìn kí wọ́n má baà rí i. Ó ní òun wá ìrànlọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ yòókù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá òun dé kíláàsì. Kò pa kọ̀ǹpútà náà, wọ́n ṣáà ti ní kó má pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó wákàtí kan rí ní kafé ayélujára láyé ìgbà yẹn, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ fẹ́ ka lẹ́tà kan ṣoṣo, fèrèsé mẹ́fà ti bo ojú ẹ̀rọ: òmíràn ń kí yín kú oríire pé ẹ ti jẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, òmíràn ń pè yín sí tẹ́tẹ́, owó yín sì ń lọ bí ẹ ti ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa bínú, a ṣépè, a sì gbàgbé. Ti obìnrin yìí kò parí síbẹ̀.

Àwọn ọmọ ròyìn nílé, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, àwọn ará ìlú tí wọ́n kó jọ láti gbọ́ ẹjọ́ náà dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn mẹ́rin pé ó fi ọmọdé sínú ewu. Bí adájọ́ bá fẹ́ fi òfin tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ẹ̀wọ̀n 40 ọdún ló ń dúró dè é. Ogójì ọdún, nítorí ìpolówó ọjà!

Ohun tó ṣàkóbá fún un nílé ẹjọ́ ni ẹ̀rí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ìjọba pè. Ọkùnrin náà ní àfi kí obìnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ tó lè ṣí. Kò wò ó bóyá ètò aṣebi kan ti wà nínú kọ̀ǹpútà náà tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún sì rèé, Windows 98 ló ń lò, bíráósà rẹ̀ ti gbó, àsìkò ètò tí iléèwé fi ń sé ìkànnì burúkú mọ́ sì ti tán tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ padà. Nígbà tí ìròyìn ìdájọ́ yìí tàn ká, àwọn ògbógi kọ̀ǹpútà kan dìde láìgba kọ́bọ̀, wọ́n tú ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà wò fínnífínní. Wọ́n rí i pé ètò tó ń gbé ìpolówó jáde fúnra rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí obìnrin náà tó débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, adájọ́ wọ́gi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Wọn kò tún un gbọ́ rárá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, obìnrin náà, tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́, gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn kékeré kan, ó san dọ́là 100, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bìtì kò pa eku, síbẹ̀ wọn kò fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn.

Ta ló wá ṣí fèrèsé náà? Kì í ṣe olùkọ́. Ọmọ tó ń wo irun kọ́. Kí a lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó di dandan kí a padà sẹ́yìn.

Ní ọdún 1995, Brendan Eich kọ JavaScript fún ilé iṣẹ́ Netscape. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Lára àwọn àṣẹ inú rẹ̀ ni èyí tí onílé ìkànnì lè fi sọ fún bíráósà àlejò pé, "Ṣí fèrèsé mìíràn." Àṣẹ tó wúlò ni. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí àlejò kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́.

Láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ethan Zuckerman ń bá ilé iṣẹ́ Tripod ṣiṣẹ́ ní Williamstown, ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ìlú Accra, ní Gánà, ló ti ń bọ̀, níbi tó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa orin ìlù. Tripod máa ń fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ní àyè láti kọ ojú ewé tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á wá fi ìpolówó sí ojú ewé wọ̀nyẹn kí owó lè wọlé. Lọ́jọ́ kan, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ńlá kan bá ìpolówó rẹ̀ lójú ewé tí ẹnì kan fi ń yin irú ìbálòpọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ nínú ìwé tí ọmọdé lè kà. Inú bí wọn gan-an. Ọgbọ́n wo ni Tripod máa dá? Zuckerman kọ ètò kan tó máa gbé ìpolówó sínú fèrèsé tirẹ̀, lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ló fọwọ́ sí ohun tó wà lójú ewé.

Bí pop-up ṣe délé ayé nìyẹn. Ẹ kíyè sí i: torí kí ìpolówó ọkọ̀ má baà dúró ti ohun ìṣekúṣe ni wọ́n ṣe dá a, fèrèsé yìí kan náà ló sì gbé ohun ìṣekúṣe síwájú àwọn ọmọ ní Norwich. Nínú gbogbo rẹ̀, olówó ìpolówó rò tirẹ̀, Tripod náà rò tirẹ̀. Ẹni tó wá kàwé ni kò sẹ́ni tó bi pé báwo ni yóò ṣe rí lára rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ọ̀ràn náà wà, kì í ṣe nínú JavaScript.

Àwọn yòókù rí i, wọ́n sáré gbà á. Nígbà tó máa fi di ọdún 2001, ilé iṣẹ́ X10 tó ń ta kámẹ́rà kéékèèké ti gba ọ̀nà mìíràn: fèrèsé tiwọn a máa sá pamọ́ sẹ́yìn ojú ewé tí o ń kà, ìgbà tí o bá parí ni wàá tó rí i. Ó di pé ìkànnì X10 wà lára àwọn tí wọ́n kà pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń bẹ̀ wò jù lọ. Bẹ́ẹ̀, ènìyàn kò bẹ̀ ẹ́ wò. Òun ló ń bẹ ènìyàn wò.

Kì í ṣe pé àwọn onílé ìkànnì kò gbọ́ ìráhùn. Ní 2002, iVillage, ìkànnì àwọn obìnrin tó lókìkí nígbà náà, kéde pé òun máa dáwọ́ pop-up dúró torí pé ó ti sú àwọn tó ń kà á. Ní oṣù kejìlá 2004, Jakob Nielsen, tó ti pẹ́ tó ń wo bí ènìyàn ṣe ń lo ìkànnì, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde: nínú 100, ènìyàn 95 ló ní fèrèsé tó ń fò bo ohun tí àwọn ń kà ń bí àwọn nínú. Lára àwọn tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú 94, ni ìpolówó tó ń fi ẹ̀tàn mú kí ènìyàn tẹ òun. Mi ò mọ ohun mìíràn tí nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ènìyàn tí wọ́n bi léèrè yìí lè fohùn ṣọ̀kan lé lórí tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe bíráósà ló gba aráyé sílẹ̀. Opera àti Mozilla ti ń dí pop-up ṣáájú, Google fi ìdènà tirẹ̀ síta ní 2003, Microsoft sì fi tirẹ̀ kún Windows XP ní oṣù kẹjọ 2004. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀ràn Norwich ṣẹlẹ̀. Windows XP nìkan ni àtúnṣe Microsoft wà fún, Windows 98 kò sí níbẹ̀.

Ní 2014, Zuckerman kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn The Atlantic, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun kọ ètò náà, ó tọrọ àforíjì, ó ní èrò rere ló wà lọ́kàn àwọn. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó dá àjọ Geekcorps sílẹ̀, èyí tó kó àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Gánà, kì í ṣe ìkà.

Ẹ má rò pé ó ti tán ṣá. Ohun tó ń bo ojú fóònù wa lónìí kì í ṣe fèrèsé ọ̀tọ̀ mọ́. Ara ojú ewé gan-an ni wọ́n hun ún mọ́, ìdí nìyí tí ìdènà pop-up inú bíráósà kò fi lè dí i. O ṣí ìròyìn láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, kí o tó ka ìlà kan, wọ́n ti bi ọ́ nípa kúkì, wọ́n fẹ́ máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ, wọ́n ń tọrọ ímeèlì rẹ. Àmì X kéré débi pé àtàǹpàkò àgbàlagbà kò lè bá a, ìpolówó tẹ́tẹ́ ni yóò tẹ̀. Dátà tí gbogbo rẹ̀ ń jẹ, àpò rẹ ni. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi bọ́tìnnì bú ènìyàn: bí o kò bá fẹ́, àfi kí o tẹ ibi tí wọ́n kọ "Rárá, n kò fẹ́ kí owó mi pọ̀ sí i" sí.

Bí o bá bi onílé ìkànnì, á ní ó ń ṣiṣẹ́, á sì fi iye ímeèlì tó rí gbà hàn ọ́. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó bínú kúrò kò fi orúkọ sílẹ̀, nítorí náà wọn kò sí nínú ìṣirò rẹ̀.

Láti oṣù kìíní 2017, Google ti ń fa irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn nínú àbájáde tó ń fi han àwọn tó ń fi fóònù wá nǹkan. Ó yọ̀ǹda ìkìlọ̀ tí òfin béèrè àti àkọlé kékeré tó rọrùn láti pa. Ojú ewé tí ènìyàn bá ti ọ̀dọ̀ Google dé tààrà ni ìlànà náà wà fún, àwọn ìkànnì kan sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí o ka ti àkọ́kọ́ ní àlàáfíà. Ojú ewé kejì ni wọ́n ti ń dúró dè ọ́.