Ẹ Dá Ohun Tí Ẹ Yọ Padà

Bíbélì kíkà: 2 Àwọn Ọba 16:5-18, 2 Kíróníkà 29:1-19



Ẹni tó bá ti gbé ọkọ̀ tòkunbọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Uwelu, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀ nílùú Benin níbí, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ thermostat yẹn dànù. Òyìnbó ló wà fún. Ilẹ̀ tiwa gbóná."

Thermostat dà bí ilẹ̀kùn kékeré lójú ọ̀nà omi, láàárín ẹ́ńjìnnì àti rádíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ilẹ̀kùn náà á wà ní títì kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru. Bí ooru omi bá dé nǹkan bí 82 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á ṣí, kí omi lè lọ tutù nínú rádíétọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní tètè móoru tó bó ṣe yẹ. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ ni, á máa fún un ní epo ju bó ti yẹ lọ. Owó epo á máa pọ̀ sí i, ọ́ìlì á tètè bàjẹ́, irin inú ẹ́ńjìnnì á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ ń rìn o, ṣùgbọ́n kò rìn bí ẹni tó ṣe é ṣe fẹ́ kó rìn.

Kí ló dé tí wọ́n fi yọ ọ́? Ọkọ̀ ló gbóná lójú ọ̀nà. Bóyá rádíétọ̀ ló dí, bóyá omi ló ń jò níbì kan. A kò wá ibi tó ń jò. Ohun tí kò ṣẹ̀ wá la yọ sọnù. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa lápálápá.

Ohun tí Ọba Áhásì ṣe sí ilé Olúwa gan-an nìyẹn. Ìpọ́njú tòótọ́ ló bá a: ọba Síríà àti ọba Ísírẹ́lì dó ti Jerúsálẹ́mù. Dípò kó ké pe Olúwa, ó kó fàdákà àti wúrà inú tẹ́ńpìlì ránṣẹ́ sí ọba Ásíríà kó wá gba òun. Nígbà tó lọ pàdé ọba náà ní Damásíkù, ó rí pẹpẹ kan, ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ùráyà àlùfáà, ìyẹn sì kọ́ irú rẹ̀ kí ọba tó padà dé. Áhásì sún pẹpẹ idẹ Olúwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sọ agbada omi ńlá kalẹ̀ lórí àwọn màlúù idẹ tó gbé e ró, ó gbé e ka orí òkúta. Ẹ kíyè sí i pé ẹbọ kò dúró lọ́jọ́ náà. Àlùfáà ń ṣiṣẹ́, èéfín ń rú. Nígbẹ̀yìn ni wọ́n wá ti ilẹ̀kùn pa pátápátá.

Ẹ̀yin ará, ṣé kò rí bẹ́ẹ̀ láàárín wa? Owó ilé-ìwé kò sí, kọ́ọ̀sì kan kò fẹ́ gbà, àwọn ojúgbà ń fi owó yahoo ra ọkọ̀. Nígbà tí ooru náà pọ̀, a yọ ẹ̀rí ọkàn. A san owó fún máàkì. A tan ẹni tí a kò rí rí jẹ lórí fóònù. Arákùnrin àti arábìnrin tí kò tíì ṣègbéyàwó ń gbé yàrá kan pọ̀, wọ́n ní owó ilé ló wọ́n. A ní, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí nìyẹn." Síbẹ̀ a ń darí orin, a ń gbàdúrà òru. Oníwàásù 7:29 ti sọ fún wa pé ní pípé ni Ọlọ́run dá ènìyàn. Ènìyàn ló lọ wá ète tirẹ̀ kún un.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé ó ṣeé dá padà. Ẹni ọdún 25 ni Hesekáyà, ọmọ Áhásì, nígbà tó jọba. Ní oṣù kìíní ọdún kìíní, ó ṣí ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì. Wọ́n kó ẹ̀gbin jáde lọ sí Kídírónì. Wọ́n wá ohun èlò tí Áhásì ti kó dànù, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì yà á sí mímọ́. Ọdún 16 ni Áhásì fi jọba. Ọjọ́ 16 ni wọ́n fi parí iṣẹ́ ìwẹ̀nùmọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí a kì í sábà sọ. Bí ẹ bá dá thermostat padà tí ẹ kò tún rádíétọ̀ ṣe, ọkọ̀ á tún gbóná. Ìṣòro tí ẹ sá fún ṣì wà níbẹ̀. Ásíríà tí Áhásì fi wúrà bẹ̀ ló dìde sí Hesekáyà ní ọdún 14 ìjọba rẹ̀. Òun pàápàá kọ́kọ́ bẹ̀rù; ó bó wúrà ara ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì fún wọn, síbẹ̀ wọn kò padà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tó mú ìwé ìhàlẹ̀ wọn lọ tẹ́ síwájú Olúwa ni ìgbàlà dé. Inú ilé tí ó ti tún ṣe ló gbé e lọ.

Nítorí náà, bí o bá jáwọ́ nínú sísan owó fún máàkì, ó lè jẹ́ pé wàá tún kọ́ọ̀sì náà ṣe. Tún un ṣe. Bí o bá kó jáde nínú yàrá yẹn, ó lè jẹ́ pé wàá sùn sórí ẹní lọ́dọ̀ ará fún ìgbà díẹ̀. Sùn síbẹ̀. Bí owó ẹlòmíràn bá wà lọ́wọ́ rẹ, rántí Sákéù tó ṣèlérí ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀yin alága àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má ṣe fi ìwàásù nìkan ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí owó ilé-ìwé lé dé ibi tó dé, ẹ bá a wá owó ilé-ìwé. Ibẹ̀ ni omi ti ń jò.

Àdúrà: Olúwa, fi ohun tí mo ti yọ hàn mí. Fún mi ní oore-ọ̀fẹ́ láti dá a padà, kí o sì dúró tì mí nígbà tí ooru bá tún dé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.