Ẹni Tí Ó Dá A Ni Ó Lè Tún Un Ṣe

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Alààyè tí ó dá ẹ̀mí wa sí láti rí ọjọ́ òní. Ní irú àkókò báyìí, onírúurú ọpẹ́ ni à ń dú. Ẹnìkan ń dúpẹ́ ọmọ, ẹnìkan ń dúpẹ́ ilé, ẹnìkan ń dúpẹ́ pé òun bọ́ lọ́wọ́ àìsàn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kan wà tí ó ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí, tí a kì í sábà rántí, èyí ni ọpẹ́ pé a tilẹ̀ wà. Ilẹ̀ tí a tẹ̀, afẹ́fẹ́ tí à ń mí, oòrùn tí ó ń ràn lé wa lórí, níbo ni wọ́n ti wá? Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ara wa sọ nínú ìwé ìrántí yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn ọmọ wa ti lọ sí yunifásítì, wọ́n ti kàwé ju àwa tí ìwé wa mọ sí gírámà lọ. Wọ́n padà délé, wọ́n ń béèrè pé: "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni Ọlọ́run dá ayé? Ta ni ó wá dá Ọlọ́run?" A ti rí i tí àwọn àgbà kan fi ìbínú dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóhùn pé: "Pa ẹnu rẹ dé! Ẹ̀mí èṣù ni ó ń bá ọ sọ̀rọ̀." Ọmọ náà pa ẹnu dé lóòótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilé Ọlọ́run mọ́. Ẹ̀yin ará, ọkàn kan ni ó sọnù níbẹ̀ yẹn o.

Ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí àwọn òyìnbó oníwàásù tó dé ni àwọn baba ńlá wa ti ń béèrè ìbéèrè kan náà. Wọ́n sọ fún àwọn ọmọ wọn pé omi ni ó bo ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé Olódùmarè fi iyẹ̀pẹ̀ àti adìẹ oníka márùn-ún rán ìránṣẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, àti pé adìẹ náà tan iyẹ̀pẹ̀ náà títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Àwọn àgbà a sì máa so orúkọ Ilé-Ifẹ̀ mọ́ fífẹ̀ yẹn. A kì í ṣe abọ̀rìṣà, a kò sì sọ ìtàn yìí láti fi rọ́pò ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé àwọn tí kò mọ̀wé rárá mọ̀ pé ayé ní Ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ẹnu àwọn ènìyàn ni wọ́n ti bá orúkọ náà, Ẹlẹ́dàá.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé náà rí. Ní ọdún 1927, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, Georges Lemaître, kọ ọ́ pé òfúrufú tí gbogbo ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀ ń fẹ̀ sí i ni. Ẹ ò rí i pé fífẹ̀ náà tún ni! Ní 1931 ó tẹ̀ síwájú pé ohun tó bá ń fẹ̀ ti kéré rí, pé a jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ta ni ọkùnrin yìí? Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ni. Ó ń ṣe ìsìn, ó sì ń ṣe ìṣirò.

Ní 1964, àwọn méjì ní Amẹ́ríkà, Penzias àti Wilson, ń lo ẹ̀rọ ńlá kan tí ń gba ìró láti òfúrufú. Wọ́n ń gbọ́ ariwo kan tí kò dákẹ́ tọ̀sán-tòru, ibi yòówù kí wọ́n kọjú ẹ̀rọ náà sí. Wọ́n rò pé bóyá ìgbẹ́ ẹyẹlé inú ẹ̀rọ ló fà á. Wọ́n lé ẹyẹlé, wọ́n fọ ẹ̀rọ, ariwo kò lọ. Nígbẹ̀yìn ni ó wá yé wọn pé ohun tí ó ṣẹ́kù láti ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ayé ni wọ́n ń gbọ́. Lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣírò ọjọ́ orí gbogbo ìṣẹ̀dá sí nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 13.8.

Ẹlòmíràn yóò ní: "Ọjọ́ mẹ́fà ni Bíbélì wí." Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún orí kìíní náà kà dáadáa. Ní ọjọ́ kẹrin ni Ọlọ́run tó dá oòrùn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ńkọ́, oòrùn wo ni wọ́n fi kà wọ́n? Ọjọ́ Ọlọ́run kì í ṣe ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà wa.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká wá gbé ìgbàgbọ́ wa lé ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé lórí. Ní 1951, Póòpù Pius Kejìlá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ohun tí wọ́n rí yìí ti jẹ́rìí sí ìdáyé. Lemaître fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí a so méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa náà rí ọgbọ́n níbẹ̀, nítorí ìmọ̀ ènìyàn lè yí padà lọ́la. Bí ọmọ bá jókòó ti aṣọ òkè, tí ó ka òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó mọ èyí tó lọ ní gbọọrọ àti èyí tó lọ ní ìbú, ọmọ náà gbọ́n. Ṣùgbọ́n kò tíì lé ahunṣọ kúrò nídìí iṣẹ́. Ó ti mọ bí a ṣe hun ún. Ẹni tí ó hun ún àti ìdí tí ó fi hun ún ṣì ń bẹ.

Ní ti ẹni tó bi wá pé ta ni ó dá Ọlọ́run, ohun tí a dá ni à ń béèrè ẹni tó dá a. Ahunṣọ kò sí lára òwú. Bí ẹnìkan bá dá Ọlọ́run, ẹni yẹn gan-an ni à bá máa sìn. A kò lè fi òṣùwọ̀n wọn èyí. Ìwé Hébérù orí 11 pàápàá fi ọ̀rọ̀ ìdáyé sí abẹ́ ìgbàgbọ́.

Kí ni èyí wá kan àwa Aládùúrà sí? Ó kàn wá gidigidi. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, àwọn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ fún àdúrà. Ní 1928, orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nígbà tí ìpè Ọlọ́run dé bá a. Kí ni àwọn baba wọ̀nyí gbójú lé? Wọ́n gbà pé Ẹni tó dá ara ènìyàn ló mọ bí a ti í tún un ṣe. Bí a bá yọ ìdáyé kúrò nínú ìgbàgbọ́ wa, omi àdúrà di omi lásán, àwẹ̀ di ebi, ìṣọ́ òru wa á sì di ariwo tí ń dí àdúgbò lọ́wọ́ oorun.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Láàárín ọdún tí a ń dúpẹ́ lé lórí yìí, a gbàdúrà fún àwọn kan, ara wọn yá. A fi àwẹ̀ kan náà gbàdúrà fún àwọn mìíràn, a sì sin wọ́n. Àwọn ẹbí wọn yóò ka ìwé yìí. Kí la ó sọ fún wọn? Jóòbù pàdánù ọmọ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì béèrè ìdí. Nígbà tí Ọlọ́run yóò fọhùn ní orí 38, kò sọ ìdí fún un. Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ ayé, ti òkun, ti òjò àti ti ìràwọ̀ ni ó bi í. Ẹlòmíràn lè ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Àwa rí i pé Ẹni tó fi ìpìlẹ̀ ayé lélẹ̀ wá bá ọkùnrin tí ó jókòó nínú eérú sọ̀rọ̀. Kò fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ní orí 42, àwọn ọ̀rẹ́ tí ń pa á lẹ́nu mọ́ ni ìbínú Ọlọ́run ru sí. Jóòbù tí ó béèrè ni ó sì ní kí ó gbàdúrà fún wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú ìjọ, bí ọmọ bá béèrè, ẹ fà á mọ́ra, ẹ bá a jókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa kàwé yín, ẹ máa béèrè, ṣùgbọ́n ẹ béèrè nínú ilé, ẹ má bá ìbéèrè jáde lọ. Ẹ̀yin tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, Ẹlẹ́dàá yín kò gbàgbé yín.

Kí Ẹni tí ó dá wa tún wa dá. Kí ó pa ìjọ yìí mọ́, kí ó kó àwọn ọmọ wa tó ti lọ padà wálé, kí ẹ̀mí wa sì ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láyé. Àmín, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa.

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ.