Dídìde Lórí Àga

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń da àwọn onímọ̀ láàmú láti ayébáyé: ẹni tí ó dá ìlú sílẹ̀, ìgbà wo ni ó tọ́ kí ó fi ìlú sílẹ̀ fún ẹlòmíràn? Àwọn kan a máa wí pé ìgbà tí agbára rẹ̀ bá tán ni. Àwọn mìíràn a ní ìgbà tí àwọn ará ìlú bá sọ pé ó tó ni. Òtítọ́ wà nínú ìdáhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dé ìdí ọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tí ó wà lórí àga kì í tètè mọ̀ pé agbára òun ń tán, àwọn tí ó yí i ká kì í sì í fẹ́ sọ fún un.

Ilẹ̀ méjì ni ó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà: Amẹ́ríkà nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, àti Côte d'Ivoire, tí Abidjan jẹ́ ìlú rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ. Amẹ́ríkà jìnnà, ṣùgbọ́n Abidjan kì í ṣe ibi àjèjì fún ọmọ Yorùbá. Àìmọye ọmọ Èjìgbò ni ó ti fi ibẹ̀ ṣe ilé, tí wọ́n ń tajà ní Treichville àti Adjamé, tí àwọn onílẹ̀ sì ń pè wọ́n ní Anàgó. Bí ọ̀rọ̀ oyè bá da Abidjan rú, àwọn òbí ní Èjìgbò kì í fojú ba oorun.

George Washington ni olórí ogun tí ó gba òmìnira fún Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun parí, ní oṣù Kejìlá ọdún 1783, ó dá àṣẹ ogun padà fún ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì gba oko rẹ̀ lọ. Ní 1789 ó di Ààrẹ àkọ́kọ́; ní 1792 wọ́n tún yàn án. Kò sí òfin tí ó ní kí ó má ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1796, ó kéde pé òun kò ní gbà mọ́. Nígbà tí oṣù Kẹta ọdún 1797 dé, John Adams gba ipò náà, Washington sì padà sí oko. Kì í ṣe pé ẹni mímọ́ ni ọkùnrin yìí: àwọn ẹrú ni ó ń ro oko rẹ̀, ìjọba tí ó dá sílẹ̀ kò sì fún ẹrú ní òmìnira kankan. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ oyè, ó fi han àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ọ̀tọ̀ ni àga ìjọba, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó jókòó lé e.

Bí ó ti wù kí ó rí, ẹni tí ó dìde nígbà tí gbogbo ènìyàn ń yìn ín kò ì tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. John Adams ni ó débẹ̀. Nínú ìdìbò ọdún 1800, igbákejì rẹ̀, Thomas Jefferson, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ alátakò, borí rẹ̀. Èébú tí àwọn ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ méjèèjì bu ara wọn kò kéré. Ìbò Jefferson àti ti Aaron Burr, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, tún dọ́gba ní 73, ó sì di ìgbà 36 tí àwọn aṣòfin dìbò kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1801, Adams kúrò ní olú-ìlú. Kò dúró wo ìbúra ẹni tí ó borí rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó lọ. Kò pe ọmọ ogun jáde. Ìwà rere nínú ìṣèlú kò béèrè pé kí inú ẹni tí ó pàdánù dùn. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ó dìde.

Àṣà tí Washington bẹ̀rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn tí Franklin Roosevelt wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin, láti 1932 dé 1944, àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin ní 1951.

Ní Côte d'Ivoire ẹ̀wẹ̀, Félix Houphouët-Boigny kì í ṣe olórí tí ẹnikẹ́ni lè fojú tín-ín-rín. Ní 1946, nígbà tí ó wà ní ilé aṣòfin Faransé, òfin tí a fi orúkọ rẹ̀ pè fòpin sí iṣẹ́ ipá tí àwọn òyìnbó ń kó ènìyàn ṣe ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Nígbà tí òmìnira dé ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, òun ni gbogbo ojú ń wò. Kòkó àti kọfí mú owó wọlé, ilé gogoro dìde ní Abidjan, àwọn ènìyàn sì ti ilẹ̀ káàkiri wá iṣẹ́ wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni a gbà láàyè títí di 1990, Ààrẹ kan ṣoṣo ni ilẹ̀ náà sì mọ̀ fún ọdún 33, títí ikú fi mú un lọ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1993.

Léraléra ni a yí òfin arọ́pò rẹ̀ padà. Ní 1980 a dá ipò igbákejì Ààrẹ sílẹ̀. A kò fi ẹnikẹ́ni sí i títí a fi pa á rẹ́ ní 1985. Ní 1990 a tún kọ ọ́ pé olórí ilé aṣòfin ni yóò parí sáà Ààrẹ tí ó bá kú. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Henri Konan Bédié, olórí ilé aṣòfin, àti Alassane Ouattara, olóòtú ìjọba, ni wọ́n kọjú sí ara wọn. Òfin borí láàárín ọjọ́ díẹ̀, Bédié sì gorí àga. Ṣùgbọ́n ìjà náà kò tán. Láti orí "ta ni yóò jẹ ẹ́" ó di "ta ni ọmọ onílẹ̀". Àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Kejìlá ọdún 1999. Ogun abẹ́lé bẹ́ ní 2002. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, ènìyàn tí ó lé ní 3,000 ni ó kú kí ìjà Laurent Gbagbo àti Ouattara tó parí ní oṣù Kẹrin ọdún 2011.

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá náà ní irú rẹ̀. Àṣà Ọ̀yọ́ nígbà náà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá Aláàfin kú. Aláàfin Àtìbà fẹ́ kí Adélù ọmọ rẹ̀ jọba lẹ́yìn òun, ó sì mú kí àwọn ìjòyè gbà. Kúrunmí ti Ìjàyè, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kò gbà. Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù jọba, ogun sì bẹ́ ní 1860. Nígbà tí ó fi di 1862, Ìjàyè ti di ahoro. Àṣà àtijọ́ náà burú, ó sì yẹ kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yí òfin arọ́pò padà nítorí ẹni tirẹ̀, gbèsè ni ó jẹ sílẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn láti san.

Àwọn kan yóò sọ pé bí Houphouët-Boigny bá ti tètè lọ, ìlú ì bá ti tètè bàjẹ́. Ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Tógò, a pa Ààrẹ Sylvanus Olympio ní 1963. Ní Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, àwọn ológun gba ìjọba léraléra. Ṣùgbọ́n àlàáfíà tí ó ń gbé inú ara ẹnìkan, bí ẹni náà bá kú, àlàáfíà di aláìnílé. Ní Senegal, tí Faransé kan náà ṣàkóso, Léopold Sédar Senghor fi ipò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní òpin ọdún 1980. Nígbà tí Abdou Diouf tí ó rọ́pò rẹ̀ pàdánù ní 2000, ó gbà, ó sì lọ. Nítorí náà, kì í ṣe àwọ̀ ara ni ó ń kọ́ olórí láti dìde. Àpẹẹrẹ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ ni.

Ní Côte d'Ivoire, láti 1960 títí di ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún 2025, kò tíì sí Ààrẹ tí a dìbò yàn tí ó fi wọ́ọ́rọ́wọ́ gbé ipò lé Ààrẹ mìíràn tí a dìbò yàn lọ́wọ́. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2016 sọ pé ìgbà méjì ni ẹnìkan lè ṣe é. Ouattara, tí ó gorí àga ní 2011, wọlé lẹ́ẹ̀kẹta ní 2020 àti lẹ́ẹ̀kẹrin ní 2025. Àwọn tirẹ̀ ní òfin tuntun ti tún kíkà bẹ̀rẹ̀, àwọn alátakò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sí òfin tí ó lè bọ́ lọ́wọ́ irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ni a fi ń kọ òfin, ìwà ni a fi ń pa á mọ́.

Àwọn àgbà ní, bí iná bá kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró di ọjọ́ ikú kí ó tó yọ ọmọ. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń so ni ọmọ ti ń dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tí olùkọ́ ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ọmọ tí kò rí i rí kí ẹni tí ó pàdánù bọ ẹni tí ó borí lọ́wọ́, láti ibo ni yóò ti kọ́ ọ nígbà tí ó bá di olórí? Ilé ẹ̀kọ́ tí ń yí olórí àwọn ọmọ padà lákòókò, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń fi iṣẹ́ han igbákejì rẹ̀, ti ń kọ́ni ní ìtàn Adams láìdárúkọ rẹ̀.

Ìgbà wo, nígbà náà, ni ó tọ́ kí olórí dìde? Ìgbà tí ó ṣì ní agbára láti dúró ni. Ẹni tí ó bá jókòó títí di ìgbà tí kò lè jókòó mọ́, a kò lè sọ pé ó dìde. Gbígbé ni a gbé e.